Kàlẹ́ńdà Báńkì àti Òfin Físà: Àgbéyẹ̀wò Ọ̀nà Tí Akẹ́kọ̀ọ́ Àjèjì Ń Gbà Wọ Iṣẹ́ Báńkì Ìdókòòwò ní Lọ́ńdọ̀nù àti New York

Láàárín àwọn iṣẹ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ tó ti ilẹ̀ mìíràn wá máa ń lépa lẹ́yìn tó bá gboyè ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tàbí ní Amẹ́ríkà, díẹ̀ ni ẹnu ọ̀nà rẹ̀ há tó ti báńkì ìdókòòwò, díẹ̀ náà sì ni owó ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ pọ̀ tó o. Ohun tí àwọn òbí àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fúnra wọn sábà máa ń rò ni pé ọpọlọ ni wọ́n fi ń wọ ibẹ̀, pé ẹni tí èsì ìdánwò rẹ̀ bá dára, tó sì lọ sí yunifásítì tó lórúkọ, yóò rí iṣẹ́ náà gbà bó pẹ́ bó yá. Òtítọ́ wà nínú èrò yìí, ṣùgbọ́n kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun méjì mìíràn, ìyẹn kàlẹ́ńdà tí àwọn báńkì fi ń gba òṣìṣẹ́, àti òfin ìwọlé-wọ̀de tó ń ka oṣù mọ́ àjèjì lọ́wọ́. Níbi tí kàlẹ́ńdà àti òfin bá ti bára mu ni ilẹ̀kùn ti ń ṣí. Níbi tí wọn kò bá ti bára mu, ọmọ tó mọ̀wé jù lọ nínú kíláàsì lè padà sílé pẹ̀lú oyè lọ́wọ́ àti gbèsè lọ́rùn. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé ìpinnu tó wúwo jù lọ nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí ni èyí tí akẹ́kọ̀ọ́ ń ṣe nílé kó tó wọ ọkọ̀ òfuurufú rárá, nígbà tó ń yan irú ẹ̀kọ́ tí yóò kọ́ àti iye ọdún tí ẹ̀kọ́ náà yóò gbà.

Báńkì ìdókòòwò yàtọ̀ sí báńkì tí ará ìlú ń fi owó pamọ́ sí. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti bá ìjọba àti àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá wá owó lọ́wọ́ àwọn olùdókòòwò, yálà nípa títa ìpín ìdókòòwò fún gbogbo ènìyàn ní ọjà ìpín, tàbí nípa títa bọ́ńdì, èyí tí í ṣe ìwé ẹ̀yáwó tí ẹni tó yá owó fi ṣèlérí láti san án padà pẹ̀lú èlé. Òun náà ló sì ń gba ilé-iṣẹ́ nímọ̀ràn nígbà tí ọ̀kan bá fẹ́ ra òmíràn tàbí tí méjì bá fẹ́ dà pọ̀. Goldman Sachs, Morgan Stanley, JPMorgan àti Barclays wà lára àwọn tó tóbi jù nídìí iṣẹ́ náà, àwọn tó sì gbájú mọ́ títa ìmọ̀ràn, bíi Lazard, Evercore àti Rothschild, wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ní Amẹ́ríkà, òfin Glass-Steagall ti ọdún 1933 ló ya irú báńkì yìí sọ́tọ̀ kúrò lára báńkì ìfowópamọ́ lẹ́yìn tí ọjà ìpín wó ní 1929, ọdún 1999 ni wọ́n sì tó mú ìyàsọ́tọ̀ náà kúrò. Ní Lọ́ńdọ̀nù, àtúnṣe ọjọ́ 27 oṣù Kẹwàá ọdún 1986, tí wọ́n ń pè ní Big Bang, ló ṣí ọjà ìpín ibẹ̀ sílẹ̀ gbayawu fún àwọn báńkì ilẹ̀ òkèèrè, tí àwọn ti Amẹ́ríkà sì rọ́ wọlé. Báyìí ni ìlú méjèèjì ṣe di ibi tí owó oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè ń gbà kọjá, tí àwọn báńkì ibẹ̀ sì nílò ẹni tó mọ èdè, òfin àti ọjà ilẹ̀ púpọ̀. Kì í ṣe àánú ni wọ́n fi ń gba àjèjì síṣẹ́, iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ ni kò mọ ààlà ilẹ̀.

Ipò ìbẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ń pè ní analyst, òun ni ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gboyè ń wọ̀. Associate ló tẹ̀ lé e, níbi tí àwọn tó gboyè MBA, ìyẹn másítà nínú ìṣàkóso okòwò, ti sábà ń bẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ analyst ni láti jókòó ti kọ̀ǹpútà, kó máa ṣírò iye tí ilé-iṣẹ́ kan tó, kó sì máa to ìwé àlàyé tí àwọn ọ̀gá yóò gbé síwájú oníbàárà, tí àṣìṣe nọ́ńbà kan ṣoṣo kò gbọ́dọ̀ sí nínú rẹ̀. Owó ọdún àkọ́kọ́ ní àwọn báńkì ńlá New York ti wà ní nǹkan bí 110,000 dọ́là láti bí ọdún 2022, láìka àjẹmọ́nú ìparí ọdún. Ohun tí wọ́n fi ń gba owó náà kì í ṣe kékeré. Ní 2021, àwọn analyst ọdún àkọ́kọ́ díẹ̀ ní Goldman Sachs kọ ọ́ sílẹ̀ fún àwọn ọ̀gá wọn pé bíi wákàtí 95 ni àwọn ń ṣiṣẹ́ lọ́sẹ̀. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2013, ọ̀dọ́mọkùnrin ará Jámánì kan tó jẹ́ ẹni ọdún 21, tó ń kọ́ṣẹ́ ní báńkì kan ní Lọ́ńdọ̀nù, kú sínú ilé tó ń gbé nígbà tí ìkọ́ṣẹ́ rẹ̀ ń parí lọ, ikú náà sì mú kí gbogbo ayé béèrè iye wákàtí tó yẹ kí ọmọ ènìyàn máa fi ṣiṣẹ́. Ní 2015, Goldman Sachs pàṣẹ pé akọ́ṣẹ́ kankan kò gbọ́dọ̀ wà ní ọ́fíìsì láti ọ̀gànjọ́ òru títí di aago méje òwúrọ̀. Pé wọ́n ní láti fi irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ṣe òfin tó láti jẹ́ kí òbí mọ irú iṣẹ́ tí ọmọ rẹ̀ ń lé. Àjèjì tí físà rẹ̀ so mọ́ iṣẹ́ náà sì wà nínú ewu ju ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó jẹ́ onílé lọ, nítorí ó ṣòro fún un láti sọ pé ó ti rẹ òun.

Bí àwọn báńkì wọ̀nyí ṣe ń gba òṣìṣẹ́ ni àlàyé rẹ̀ yẹ kó gùn díẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àjèjì ti ń kọsẹ̀ láìmọ̀. Ẹni tó bá rò pé ẹ̀yìn ìdánwò àṣekágbá ni wọ́n ń wá iṣẹ́ ti pẹ́ jù kó tó bẹ̀rẹ̀. Ní Lọ́ńdọ̀nù, ọdún àkọ́kọ́ ní yunifásítì ni ètò ti ń bẹ̀rẹ̀. Nígbà ìsinmi Ọdún Àjíǹde, báńkì kọ̀ọ̀kan a pe àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọdún àkọ́kọ́ díẹ̀ wá fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì, èyí tí wọ́n ń pè ní spring week, kí wọ́n lè fojú rí bí iṣẹ́ ṣe ń lọ. Láti inú wọn sì ni wọ́n ti ń yan ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí yóò wá fún ìkọ́ṣẹ́ ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Ìkọ́ṣẹ́ yìí, tó máa ń gba bí ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ sí mẹ́wàá, ni ìdánwò gan-an. Àwọn ọ̀gá a máa wo akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́nu iṣẹ́, ẹni tó bá sì tẹ́ wọn lọ́rùn a ti ní ìwé ìgbanisíṣẹ́ lọ́wọ́ kó tó padà sí kíláàsì fún ọdún tó kẹ́yìn. Nígbà tí àwọn akọ́ṣẹ́ wọ̀nyí bá ti gba àyè wọn tán, ìba díẹ̀ ló ń ṣẹ́kù fún ẹni tó kọ̀wé láti ìta.

Ní Amẹ́ríkà, àsìkò náà tilẹ̀ ti sún síwájú débi pé akẹ́kọ̀ọ́ tó wà ní ọdún kejì nínú ẹ̀kọ́ ọdún mẹ́rin ló ń kọ̀wé fún ìkọ́ṣẹ́ tí yóò wáyé lẹ́yìn ọdún kẹta, ìyẹn ohun tó lé ní ọdún kan ṣáájú. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ìbàdàn tàbí Abẹ́òkúta dé, tí òtútù kò tíì mọ́ lára, tó ṣì ń kọ́ bí àwọn olùkọ́ ibẹ̀ ṣe ń fẹ́ kí wọ́n kọ àròkọ, kò ní tíì mọ̀ pé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ wà kí fọ́ọ̀mù rẹ̀ tó kásẹ̀ nílẹ̀, bẹ́ẹ̀ àwọn ọmọ onílé tí bàbá tàbí ẹ̀gbọ́n wọn wà nídìí iṣẹ́ náà ti ń gbọ́ nípa rẹ̀ láti ilé-ìwé girama. Àìmọ̀ yìí kì í ṣe ẹ̀bi akẹ́kọ̀ọ́. Kò sí ẹni tó sọ fún un, àwọn yunifásítì tó gba owó ilé-ìwé lọ́wọ́ rẹ̀ ló sì yẹ kó sọ fún un kó tó san owó náà.

Lẹ́yìn fọ́ọ̀mù, ìdánwò ìṣirò àti ìrònú wà lórí kọ̀ǹpútà, lẹ́yìn rẹ̀ ni fídíò tí akẹ́kọ̀ọ́ yóò ti máa dá ẹ̀rọ lóhùn láìsí ènìyàn níwájú rẹ̀, kí ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò tó tẹ̀ lé e, nígbà mìíràn ọ̀pọ̀ ìgbà lọ́jọ́ kan. Wọn a béèrè bí wọ́n ṣe ń díwọ̀n iye ilé-iṣẹ́ kan, èyí tí ìdáhùn rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ pé kí wọ́n ṣírò owó tí ilé-iṣẹ́ náà yóò máa pa wọlé lọ́jọ́ iwájú, kí wọ́n sì yọ kúrò nínú rẹ̀ ohun tí ìdúró àti ewu ń bù kù lára owó tí kò tíì dé ọwọ́. Gbogbo èyí ni ọmọ tó ń kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ tàbí ìtàn lè fi ara rẹ̀ kọ́ láàárín oṣù díẹ̀. Ohun tí kò rọrùn tó bẹ́ẹ̀ ni mímọ ènìyàn, nítorí àwọn báńkì ń fi ọ̀rọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ wọn tó ti bá akẹ́kọ̀ọ́ sọ̀rọ̀ pe ẹni tí wọ́n fẹ́ rí. Bákan náà, wọn kì í lọ sí gbogbo yunifásítì. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Oxford, Cambridge, LSE, Imperial, UCL àti Warwick ni ẹsẹ̀ wọn ti pọ̀ jù. Ní Amẹ́ríkà, Harvard, Wharton tó wà lábẹ́ Yunifásítì Pennsylvania, àti Yunifásítì New York wà lára wọn. Akẹ́kọ̀ọ́ ibòmíràn kò jẹ́ ẹni ìtanù, òun ló kàn ní láti máa wá àwọn báńkì náà kiri. Ìwé ẹ̀rí CFA tí ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà ń fi ọdún mélòó kan ṣe dára púpọ̀ fún iṣẹ́ ìmójútó owó àwọn olùdókòòwò, ṣùgbọ́n kò lè gba ipò ìkọ́ṣẹ́ nínú ètò yìí.

Nígbà tó bá wá kan òfin, ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti yí padà léraléra. Láti 2008, físà kan wà tó fún àjèjì tó gboyè ní ọdún méjì láti wáṣẹ́ kó sì ṣiṣẹ́. Ìjọba fagi lé e ní oṣù Kẹrin ọdún 2012, fún ọdún mẹ́sàn-án lẹ́yìn náà, ẹni tí kò bá tètè rí agbanisíṣẹ́ tí yóò ṣe onígbọ̀wọ́ rẹ̀ ní láti kó ẹrù. Ọjọ́ 1 oṣù Keje ọdún 2021 ni físà Graduate bẹ̀rẹ̀, tó dá ọdún méjì náà padà, tó sì fún ẹni tó gboyè ọ̀mọ̀wé ní mẹ́ta. Ètò yìí wà lára ohun tó mú kí ọmọ Nàìjíríà ya lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́pọ̀ yanturu láti ìgbà náà. Láti oṣù Kìíní ọdún 2024, wọn kò gbà kí ẹni tó ń ṣe oyè másítà oníkíláàsì mú aya, ọkọ tàbí ọmọ dání mọ́. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2025, ìjọba kéde pé àwọn yóò gé físà Graduate sí oṣù 18, èyí tí yóò kan àwọn tó bá bèèrè fún un láti ọjọ́ 1 oṣù Kìíní ọdún 2027.

Lẹ́yìn físà yìí, onígbọ̀wọ́ di dandan. Onígbọ̀wọ́ ni agbanisíṣẹ́ tó ti gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ Home Office, ìyẹn iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ abẹ́lé, láti gba àjèjì síṣẹ́. Orúkọ gbogbo wọn wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹnikẹ́ni sì lè wò ó lọ́fẹ̀ẹ́ láìsan kọ́bọ̀ fún aṣojú kankan. Owó ọdún tó kéré jù tí wọ́n gbọ́dọ̀ máa san fún irú òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀ gòkè láti 26,200 pọ́ùn sí 38,700 ní oṣù Kẹrin ọdún 2024, ó sì di 41,700 ní oṣù Keje ọdún 2025, bó tilẹ̀ jẹ́ pé iye tó kéré sí ìyẹn wà fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gboyè. Ìgòkè yìí ba ọ̀nà jẹ́ fún ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́, ṣùgbọ́n ti báńkì ìdókòòwò kọ́, nítorí owó ìbẹ̀rẹ̀ tiwọn ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Kàlẹ́ńdà ni ìdènà tó wà níbẹ̀, oyè másítà ọlọ́dún kan tí ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà sì ń sáré lọ ṣe ni ìdènà náà ti burú jù.

Òfin gba akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ́ ẹ̀kọ́ oyè láyè láti ṣiṣẹ́ wákàtí 20 lọ́sẹ̀ nígbà tí ilé-ìwé bá wọlé, kó sì ṣiṣẹ́ bó bá ṣe wù ú nígbà ìsinmi. Akẹ́kọ̀ọ́ oyè àkọ́kọ́ ní ìsinmi ẹ̀ẹ̀rùn, ó lè lò ó fún ìkọ́ṣẹ́ láìrú òfin kankan. Ẹni tó ń ṣe másítà ọlọ́dún kan kò ní in, nítorí ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn náà gan-an ni ó fi ń kọ iṣẹ́ ìwádìí àṣekágbá, lójú òfin, ilé-ìwé ṣì wọlé. Ẹ̀wẹ̀, inú oṣù Kẹsàn-án ló ń dé, nígbà tí fọ́ọ̀mù ìkọ́ṣẹ́ ọdún tó ń bọ̀ ti ń kún, tí kò sì tíì ní èsì kankan láti yunifásítì tuntun náà tó lè fi hàn. Ohun tó kù fún un ni kó parí ẹ̀kọ́ rẹ̀, kó gba físà Graduate, kó sì fi wá ìkọ́ṣẹ́ olóṣù mẹ́ta sí mẹ́fà tí àwọn báńkì Lọ́ńdọ̀nù ń ṣe lẹ́yìn ti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, èyí tí wọ́n ń pè ní off-cycle, tàbí kó dúró de ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tó ń bọ̀. Bí físà náà bá bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kìíní ọdún 2029, fún àpẹẹrẹ, tó rí ìkọ́ṣẹ́ ṣe ní oṣù Kẹfà sí Kẹjọ ọdún náà, tí wọ́n sì ní kó wá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn 2030, oṣù 18 rẹ̀ yóò ti pé ní oṣù Keje 2030, nígbà tó jẹ́ pé ọdún méjì àtijọ́ ìbá gbé e dé oṣù Kìíní 2031. Báńkì ní láti ṣe onígbọ̀wọ́ rẹ̀ láti ọjọ́ àkọ́kọ́, láìtíì mọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́ ju ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá lọ. Ẹni tó bá fẹ́ iṣẹ́ yìí tọkàntọkàn yẹ kó wá ẹ̀kọ́ tí ìsinmi ẹ̀ẹ̀rùn wà láàárín rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ti ọlọ́dún kan ló dínwó.

Ní Amẹ́ríkà, gègé ni wọ́n ń ṣẹ́. Físà F-1 ni akẹ́kọ̀ọ́ ń lò, lẹ́yìn ẹ̀kọ́ ó ní oṣù 12 láti ṣiṣẹ́ tó bá ẹ̀kọ́ rẹ̀ mu, èyí tí wọ́n ń pè ní OPT, kò sì gbọ́dọ̀ jókòó láìríṣẹ́ fún ohun tó ju 90 ọjọ́ lọ nínú rẹ̀. Ẹni tí ẹ̀kọ́ rẹ̀ bá wà lára ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì, ìmọ̀ ẹ̀rọ àti ìṣirò tí ìjọba kà sílẹ̀ lè gba oṣù 24 sí i, láti ọdún 2016 ni wọ́n sì ti fi oṣù yìí kún un tó bẹ́ẹ̀. Níbí ni ohun kékeré kan ti di ńlá. Ẹ̀ka ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tí ìjọba fún un. Nọ́ńbà ẹ̀kọ́ ìṣúná lásán kò sí nínú àwọn tó ń gba oṣù 24 náà, ṣùgbọ́n ti ẹ̀kọ́ ọrọ̀ ajé tí ìṣirò pọ̀ nínú rẹ̀ wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ yunifásítì, tí MIT àti Yale wà lára wọn, ti yí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ ọrọ̀ ajé wọn sí nọ́ńbà kejì yìí, ní 2018 sì ni ilé-ẹ̀kọ́ Simon ti Yunifásítì Rochester mú kí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ MBA rẹ̀ lè wà lábẹ́ irú ètò bẹ́ẹ̀. Ọmọ méjì lè kọ́ ohun kan náà ní yunifásítì méjì, kí ọ̀kan ní ọdún kan ní Amẹ́ríkà, kí èkejì ní mẹ́ta, nítorí nọ́ńbà tí kò sí ẹni tó sọ fún wọn pé kí wọ́n wò.

Ìdí tí iye ọdún yìí fi ṣe pàtàkì ni físà H-1B, tí òfin ọdún 1990 dá sílẹ̀ fún òṣìṣẹ́ tó ní ìmọ̀ pàtàkì. Àyè 65,000 ló wà lọ́dún kan, pẹ̀lú 20,000 fún àwọn tó gboyè másítà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní Amẹ́ríkà. Nígbà tí orúkọ bá ti pọ̀ ju àyè lọ, kọ̀ǹpútà ni ń yan ẹni tí yóò tẹ̀ síwájú. Fún ọdún ìnáwó 2024, orúkọ tó lé ní 750,000 ni wọ́n fi ránṣẹ́, àwọn tí wọ́n mú kò sì tó 190,000. Ẹni tó ní ọdún mẹ́ta lè fi orúkọ sílẹ̀ tó ìgbà mẹ́ta. Ẹni tó ní ọdún kan lè má ní ju ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lọ. Ní òpin ọdún 2025, ìjọba tún ṣe òfin pé kí gègé náà fì sọ́dọ̀ ẹni tí owó iṣẹ́ rẹ̀ bá ga ní ìpele tirẹ̀, èyí tí kò ní bá ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ lára mu. Ó bani lọ́kàn jẹ́ pé ẹni tó ti gba gbogbo ìdánwò tí báńkì gbé kalẹ̀ lè pàdánù iṣẹ́ rẹ̀ nítorí ohun tí kò ní í ṣe pẹ̀lú bó ṣe mọ iṣẹ́ náà sí.

Kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí ìṣèlú yóò dí ọ̀nà yìí. Lẹ́yìn tí báńkì ìdókòòwò Lehman Brothers wó ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2008, tí ìjọba Amẹ́ríkà sì fi owó gba àwọn báńkì mìíràn là, òfin oṣù Kejì ọdún 2009 fi ìdènà tó le sórí gbígba òṣìṣẹ́ H-1B fún báńkì tó bá jẹ nínú owó náà, àwọn báńkì kan sì gba ìwé ìgbanisíṣẹ́ padà lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ MBA tó jẹ́ àjèjì. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025, Ààrẹ Donald Trump fi owó 100,000 dọ́là lé H-1B tuntun, pàápàá fún ẹni tó bá ń ti òkèèrè bọ̀. Ní oṣù Kejìlá ọdún náà, àṣẹ mìíràn tó fọwọ́ sí fi Nàìjíríà àti Benin kún àwọn orílẹ̀-èdè tí wọ́n dá físà akẹ́kọ̀ọ́ wọn dúró láti ọjọ́ 1 oṣù Kìíní ọdún 2026. Togo ti wà nínú irú ìdènà bẹ́ẹ̀ láti oṣù Kẹfà 2025. Fún ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tó ń gbé nílé, nígbà náà, ọ̀rọ̀ New York ti di ti àwọn tó ti wà lọ́hùn-ún tẹ́lẹ̀. Fún àwọn wọ̀nyí, ọ̀nà kan ṣì wà tí àwọn báńkì ńlá mọ̀ dáadáa: bí gègé bá kọ̀ wọ́n, báńkì lè gbé wọn lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, Toronto tàbí Hong Kong fún ọdún kan, kó sì fi físà L-1, tí kò ní gègé nínú, mú wọn padà. Báńkì kékeré tí kò ní ọ́fíìsì nílẹ̀ mìíràn kò lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Ìyàtọ̀ láàárín báńkì ńlá àti kékeré yìí ló wà lẹ́yìn ìbéèrè kan tó máa ń wà lórí fọ́ọ̀mù gbogbo, pé ṣé olùbéèrè nílò onígbọ̀wọ́ báyìí tàbí lọ́jọ́ iwájú. Òtítọ́ ni kí akẹ́kọ̀ọ́ fi dáhùn, nítorí irọ́ tó bá hàn síta yóò gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì lè ba ìwé rẹ̀ jẹ́ pátápátá. Àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá tó ní ẹ̀ka òfin tiwọn kì í ka ìgbọ̀wọ́ sí wàhálà tó bẹ́ẹ̀. Àwọn kékeré ló sábà ń ti ìwé olùbéèrè bẹ́ẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, nítorí ní Amẹ́ríkà, agbanisíṣẹ́ tí kò bá forúkọ sílẹ̀ nínú ètò ìjọba tó ń jẹ́ E-Verify kò tilẹ̀ lè gba ẹni tó wà nínú oṣù 24 yẹn. Ìmọ̀ràn tí wọ́n ń fún onílé, pé kó gbìyànjú ilé-iṣẹ́ kékeré bí ńlá bá kọ̀ ọ́, kò wúlò fún àjèjì.

Èdè tún wà níbẹ̀. Àwọn ẹ̀ka kan ní Lọ́ńdọ̀nù tó ń bá ilé-iṣẹ́ Faransé, Jámánì, Ítálì tàbí Sípéènì ṣòwò a máa béèrè pé kí òṣìṣẹ́ gbọ́ èdè ibẹ̀ dáadáa. Ọmọ Kétu tàbí Pọ̀tọ̀nọ́fò tó gbọ́ Faransé láti kékeré, tó sì wá kàwé lédè Gẹ̀ẹ́sì, ní ohun kan tí ọmọ Èkó tí èdè Gẹ̀ẹ́sì nìkan ló fi kàwé kò ní, pàápàá níbi iṣẹ́ tó kan Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ó ṣọ̀wọ́n kí àwọn òbí ní Benin àti Togo ka Faransé ọmọ wọn sí ọjà tí Lọ́ńdọ̀nù fẹ́ rà, bẹ́ẹ̀ ọjà gidi ni.

Owó tí wọ́n ń ná sórí gbogbo èyí kò ṣeé fojú fò. Títí di oṣù Kẹfà ọdún 2023 tí Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà fi náírà sílẹ̀ kó máa wá iye tirẹ̀ lọ́jà, iye tí ìjọba ń ta dọ́là kan wà ní nǹkan bí 460 náírà. Ọdún kan lẹ́yìn náà ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 1,500. Ẹni tó fẹ́ kàwé ní Lọ́ńdọ̀nù ní 2025 gbọ́dọ̀ fi hàn pé òun ní ohun tó ju 1,400 pọ́ùn lọ fún oṣù kọ̀ọ̀kan, fún oṣù mẹ́sàn-án, lẹ́yìn owó ilé-ìwé àti 776 pọ́ùn lọ́dún fún ìtọ́jú ìlera. Ilẹ̀ ni àwọn kan ń tà, àwọn mìíràn ń kó owó àjọ ẹgbẹ́ jọ. Àwọn aṣojú tó ń gba owó lọ́wọ́ irú ẹbí bẹ́ẹ̀, tí wọ́n ń fi àwòrán ilé gíga Canary Wharf, àdúgbò àwọn báńkì ní Lọ́ńdọ̀nù, hàn wọ́n láìsọ ọ̀rọ̀ ìsinmi ẹ̀ẹ̀rùn tí másítà ọlọ́dún kan kò ní, ń ṣe ibi, ó sì yẹ kí àwọn yunifásítì tó ń san owó fún wọn dá wọn lẹ́kun.

Orúkọ Adébáyọ̀ Ògúnlẹ́sì ni wọ́n sábà máa ń dá bí wọ́n bá fẹ́ fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ọmọ Yorùbá lè dé ibi gíga nínú iṣẹ́ yìí, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó dára kí wọ́n wo ọ̀nà tó gbà. Ọdún 1953 ni wọ́n bí i, ọmọ Ọ̀jọ̀gbọ́n Theophilus Ògúnlẹ́sì tó jẹ́ ògbóǹtarìgì nínú ìmọ̀ ìṣègùn ní Yunifásítì Ìbàdàn. Ó lọ sí King's College ní Èkó, ó kàwé ní Oxford, ó sì gboyè òfin àti MBA ní Harvard. Ó bá Adájọ́ Thurgood Marshall ṣiṣẹ́ ní Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ti Amẹ́ríkà, ó wá di agbẹjọ́rò ní New York. Ní 1983, báńkì First Boston ń ṣe iṣẹ́ tó jẹ mọ́ gáàsì ní Nàìjíríà, wọ́n sì fẹ́ ẹni tó mọ òfin, tó mọ owó, tó sì mọ Nàìjíríà. Bó ṣe wọlé nìyẹn. Ní 2002 ó di olórí ẹ̀ka báńkì ìdókòòwò ní Credit Suisse First Boston kárí ayé, ní 2006 ó dá Global Infrastructure Partners sílẹ̀, tó ra pápákọ̀ òfuurufú Gatwick ní 2009, BlackRock sì ra ilé-iṣẹ́ náà ní 2024 ní iye tó tó bílíọ̀nù 12.5 dọ́là. Kì í ṣe ẹnu ọ̀nà analyst tí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ń kàn lónìí ló gbà wọlé. Ìmọ̀ tó ní nípa ilẹ̀ tó ti wá wà lára ohun tí báńkì náà rà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìmọ̀ yẹn ṣeé ní láti ilé. Atedo Peterside dá báńkì IBTC sílẹ̀ ní Èkó ní 1989, Wálé Ẹ̀dún, tó di mínísítà ètò ìnáwó ní 2023, sì wà lára àwọn tó bá a dá a sílẹ̀ lẹ́yìn tó ti ṣiṣẹ́ ní Báńkì Àgbáyé. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ epo Seplat gbé ìpín rẹ̀ sí Lọ́ńdọ̀nù àti Èkó lẹ́ẹ̀kan náà ní 2014, tí Airtel Africa ṣe bákan náà ní 2019, àwọn òṣìṣẹ́ Èkó àti ti Lọ́ńdọ̀nù jọ jókòó sídìí ìwé kan náà ni. Àṣẹ tí Báńkì Àpapọ̀ pa ní oṣù Kẹta ọdún 2024, pé kí báńkì tó ní ẹ̀tọ́ láti ṣòwò nílẹ̀ òkèèrè ní olú-owó bílíọ̀nù 500 náírà títí di òpin oṣù Kẹta 2026, tún kó iṣẹ́ títa ìpín tuntun lọ́pọ̀lọpọ̀ fún àwọn ilé-iṣẹ́ ìdókòòwò Èkó. Ọ̀dọ́ tó bá fi ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin ṣe irú iṣẹ́ yìí, lẹ́yìn náà tó lọ ṣe MBA ní London Business School, yóò bá ẹ̀kọ́ tó ju ọdún kan lọ pàdé, tí ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ìkọ́ṣẹ́ wà láàárín rẹ̀. Ipò associate ni yóò máa wá, báńkì yóò sì ti rí iṣẹ́ tó ti ṣe kó tó béèrè bóyá ó nílò onígbọ̀wọ́. Yàtọ̀ sí Lọ́ńdọ̀nù àti New York, Jámánì ń fún ẹni tó gboyè níbẹ̀ ní oṣù 18 láti wáṣẹ́, Kánádà sì ń fúnni ní físà iṣẹ́ tó lè tó ọdún mẹ́ta, bó tilẹ̀ jẹ́ pé iṣẹ́ báńkì ìdókòòwò ní Frankfurt àti Toronto kò pọ̀ tó ti Lọ́ńdọ̀nù, tí èdè Jámánì sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ dandan ní ti àkọ́kọ́.